Ẹni Tó Ń Dá Mi Lóhùn ní Fínláǹdì

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí, láti sẹkitéríàtì ní Òṣogbo títí dé àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi ní Iléṣà: báwo ni òtútù ọ̀hún ṣe rí? Mo máa ń ní ó tutù gan-an, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tí ojú mi rí lọ́hùn-ún ju òtútù lọ. Oṣù méjì rèé tí mo ti padà, síbẹ̀ bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹnu ṣì máa ń yà mí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àpótí tó ń sunkún

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Jẹnẹrétọ̀ àti iná mànàmáná ni wọ́n gbà mí fún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ẹ̀rọ orin ni mo máa ń kàn nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ má rò pé dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àpótí onígi ni, mo to bọ́ọ̀dù mẹ́wàá sínú rẹ̀, iṣẹ́ tí ọ̀kan ń ṣe yàtọ̀ sí ti èkejì: èyí ń mú ohùn jáde, èyí ń mú kí ohùn náà rọ̀ tàbí kó le, èyí ń gbé e sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wáyà ni mo fi ń so wọ́n pọ̀. Bí mo bá yí wáyà padà, orin á yí padà. Mọ́dúlà ni àwọn tó ń ṣe é kárí ayé ń pe bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará àdúgbò wa ní tiwọn ń pè é ní àpótí tó ń sunkún.

Ohun tó le nínú iṣẹ́ yìí ni pé òkè òkun ni àwòrán tí a fi ń kàn án ti ń wá, a kì í sì í rí àwọn èròjà tó ń béèrè rà ní Òṣogbo. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti kógbá sílé. Bí a bá wá àdán tì, òòbẹ̀ là á fi ṣẹbọ. Mo máa ń tú rédíò tó ti kú. Mo máa ń lọ bá àwọn tó ń wa góòlù ní Iperindo, kí n gba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ́tí sí ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, nítorí pé transístọ̀ inú rẹ̀, èròjà kékeré tó ń fún iná ní okun, ṣì dára. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó mọ èyí tó lè dípò èyí, ó gba olùkọ́. Olùkọ́ tèmi ni Pekka.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni mo béèrè nǹkan lójú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bàbá kan ní Fínláǹdì ló dá mi lóhùn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tẹlifóònù. Láti ọjọ́ náà ni ímeèlì kò ti dáwọ́ dúró láàárín wa. Bí n kò bá rí áísì kan, èròjà tó kó ọ̀pọ̀ transístọ̀ sínú, màá kọ̀wé. Á ní kí n lo transístọ̀ méjì dípò rẹ̀, kí n wọ̀n wọ́n títí wọn yóò fi dọ́gba, kí n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn kí ooru kan náà lè máa bá wọn. Lẹ́tà rẹ̀ kì í gùn. Gbolóhùn kan ló fi ń parí gbogbo rẹ̀: gbìyànjú rẹ̀ wò kí o tó gbà mí gbọ́. Bàbá Pekka ni mo ń pè é. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, lẹ́tà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó ń béèrè àwọn ọmọ mi, ó ń béèrè bóyá òjò ti rọ̀. Mo ní ọjọ́ ogbó ló ń mú bàbá rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àwọn tó ń kan irú ẹ̀rọ yìí pè mí sí ìpàdé wọn nítòsí ìlú rẹ̀, pé kí n gbé àpótí mi wá, kí n fi ṣeré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi dáhùn. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ̀rọ̀ kúkurú kan: Máa bọ̀. Ilé wa ni wàá dé sí.

Inú ọkọ̀ tí kò tíì gbéra

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú dá yín lágara. Ìlú kékeré kan ni mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojúirin, ilẹ̀ funfun bí ẹni da láfún sílẹ̀ títí dé ìdí igi. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ jìnnà síra wọn bí ẹni tó jọ jà lánàá. Mo kí ẹni mẹ́ta. Àwọn méjì fi ojú kan bàtà wọn, ẹ̀kẹta wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí.

Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ mú páálí dání, orúkọ mi wà lára rẹ̀. Ó ní Aino lòun ń jẹ́, ọmọ Pekka ni òun. Ṣọlá ló pè mí, gbọnrangandan, èmi tí mo jẹ́ bàbá ọmọ tó ti wọ yunifásítì. Mo gbé e mì. Nígbà tó yá mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń pe ara wọn, lọ́mọdé lágbà.

Mo bi í bóyá ara bàbá kò yá ni. Ó ní kí á kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. A wọlé, a tilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò ṣíná ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí, ó ń wo iwájú.

Ó ní, "Bàbá mi ti kú. Ó ti lé ní ọdún méjì."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí, nítorí pé ọjọ́ kẹrin ṣáájú ọjọ́ náà ni Bàbá Pekka kọ̀wé pé kí n má gbàgbé ibọ̀wọ́. Mo ní, "Ta ló wá ń kọ̀wé sí mi?"

"Èmi ni."

Ẹ̀rù bà mí. Nílé wa, a máa ń gbọ́ nípa àkúdàáyà, ẹni tó kú níbí tí wọ́n sì tún rí i ní ìlú mìíràn tó ń tajà. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè bá irú wọn pàdé nínú ímeèlì. Ọdún méjì ni mo fi ń kí òkú pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìsinmi, tí òkú sì ń dá mi lóhùn.

Aino ṣàlàyé fún mi láìwo ojú mi. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kò mọ nǹkan kan nípa iná mànàmáná tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ ni ìbéèrè mi kan wọlé. Ó fẹ́ kọ ọ́ pé bàbá ti kú, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Bàbá ní ìwé àkọsílẹ̀ mọ́kànlá tó kọ gbogbo ohun tó mọ̀ sí. Ìdáhùn mi wà nínú ọ̀kan, ó dà á kọ, ó fi ránṣẹ́. Ló bá di pé ìbéèrè mìíràn tún dé. Ó kọ́ bí a ṣe ń jó léèdì láti fi lẹ èròjà mọ́ bọ́ọ̀dù, ó ń kan nǹkan náà fúnra rẹ̀ wò kó tó fèsì. Nígbà tó gbọ́ pé mò ń bọ̀, ó sunkún, lẹ́yìn náà ló pinnu pé ojúkorojú ni òun yóò sọ ọ́.

Ó wá fi kún un pé ìyá òun kò mọ̀ sí i. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ.

Mo so bẹ́líìtì mọ́ra. Ó ṣíná ọkọ̀.

Oúnjẹ ìdákẹ́jẹ́

Obìnrin gíga ni ìyá rẹ̀, Helmi lorúkọ rẹ̀, irun rẹ̀ funfun kanlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró. Aino túmọ̀ rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tó ti gbọ́ ọ̀fọ̀ náà tipẹ́, bẹ́ẹ̀ rèé, kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí mo gbọ́ ọ. Ìyá náà wò mí títí, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì nawọ́ sí tábìlì.

Ẹja ni wọ́n sè pẹ̀lú mílíìkì àti ọ̀dùnkún, wọ́n já ewé kan lé e. Búrẹ́dì wọn dúdú, ó kan bí ògì ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ọbẹ̀ yẹn dùn, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán. Nílé wa, bí ènìyàn mẹ́ta bá jẹun tí wọn kò sọ̀rọ̀, àwọn aládùúgbò á wá làjà. Lẹ́yìn oúnjẹ wọ́n fún mi ní súìtì dúdú kan. Iyọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Mo rò pé oògùn ni, mo fi omi gbé e mì, Aino sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo gbé dòdò Ìkirè tí mo mú wá jáde. Màmá Helmi mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún mú mẹ́ta. Kò sọ nǹkan kan. Mo gbà pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́jọ́ kejì, Eero, ẹ̀gbọ́n olóògbé tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ní kí n jẹ́ ká lọ wẹ̀. Ilé onígi kékeré kan ni, wọ́n ń yan òkúta nínú rẹ̀, wọ́n ń da omi sí i, ooru á gba gbogbo ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi pé ìhòhò ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Bàbá àgbàlagbà yìí jókòó sórí pákó bí ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó ní kí n wọlé. N kò mọ bí a ṣe ń kí àgbà nígbà tí aṣọ kò sí lára ẹnikẹ́ni. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ gbóná. Bí n kò bá dọ̀bálẹ̀, ilé ire ni mo ti wá. Mo tẹ̀ba, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, mo yára jókòó. Bàbá náà kò ka nǹkan kan sí. Ó da omi sórí òkúta, ó ní àbúrò òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ mi.

Ohùn tó yẹ̀

Ó ku ọ̀la kí n ṣeré ni wọ́n ní kí á gbé ẹ̀rọ wa wá dán wò. Ilé ìkọ́kọ̀ ojú omi àtijọ́ ni wọ́n lò, ilẹ̀kùn rẹ̀ tóbi, bí wọ́n bá sì ti ṣí i, atẹ́gùn yìnyín á wọlé. Mo to wáyà mi. Orin tí mo fúnra mi ṣe, tí mo mọ̀ bí orúkọ mi, ni mo tẹ̀.

Ohun tó jáde kì í ṣe orin mi. Àwọn ohùn ìsàlẹ̀ wà níbi tí mo fi wọ́n sí, ṣùgbọ́n bí orin ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ló ń fò ju ibi tó yẹ kó dé lọ, bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀ tí ẹnì kan fa ìpele rẹ̀ gùn. Mo tún un tẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ó tún yẹ̀ sí i. Ojú tì mí. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló tún burú jù.

Mo mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Rẹsísítọ̀ kékeré kan, èròjà tó ń dí iná lọ́wọ́, wà tó máa ń mọ̀ bóyá ooru mú tàbí òtútù mú, òun ló ń tọ́ ohùn sọ́nà kó má yẹ̀. N kò rí i rà nígbà náà. Mo kọ̀wé sí Bàbá Pekka, ìdáhùn sì wá pé kí n fi rẹsísítọ̀ tó wọ́pọ̀ sí i, kò ní ṣe nǹkan. Ní Òṣogbo, kò ṣe nǹkan lóòótọ́, nítorí pé ooru wa kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà; àfi láàárọ̀ ọyẹ́, tí mo máa ń rò pé etí mi ni.

Mo wo ọjọ́ orí lẹ́tà náà nínú fóònù mi. Ọdún kan àti oṣù méje. Mo bi Aino, tó bá mi wá síbẹ̀, ẹni tó sọ pé èyí tó wọ́pọ̀ lè ṣe é.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun kò lè ka ohun tí bàbá òun kọ sójú ewé yẹn, òun wá fi orí ara òun dáhùn. Ó ní òun kàn án wò nínú yàrá, ó sì dára. Òun kò ronú pé kí òun gbé e síta.

Mo sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí títí dòní. Mo ní, "Ìwọ kì í ṣe bàbá rẹ. Ó yẹ kí o ti jẹ́ kí n mọ ẹni tí mò ń gbọ́kàn lé."

Ó bá mi tú wáyà náà, ó ká wọn dáadáa, a sì padà sílé láìsọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Ewé tí kò ṣeé kà

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, mo bá a nídìí tábìlì iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nínú ilé ẹ̀yìn. Ó ti ṣí ìwé náà sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí mo sọ. Ó ní òtítọ́ ni mo sọ, kí n wá wo ewé ọ̀hún.

Àwọn tó bá ti rí ọwọ́ dókítà rí, ẹ mọ bí ìkọ̀wé náà ṣe rí. Àwòrán kékeré kan wà láàárín rẹ̀, ohun róbótó tí wọ́n wé òwú mọ́. Lójú ewé kan náà, bàbá kọ àwọn nǹkan tó fẹ́ tún ṣe lára ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Aino fi gbà pé kẹ̀kẹ́ òwú ìránṣọ ni.

Èmi wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ iná tó ń darí ọkọ̀ ojúirin ni bàbá tèmi ṣe ní Òṣogbo, nígbà tí ọkọ̀ ojúirin ṣì ń ṣiṣẹ́, ìgbà àìmọye ni mo ti rí rìléè, ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á, tó tú sílẹ̀ lórí tábìlì wa. Kọ́ìlì inú rìléè ni àwòrán náà. Wáyà kọ́pà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń wé e, bí ooru bá sì ti pọ̀ sí i tàbí tó dín kù, agbára kọ́pà láti dí iná lọ́wọ́ á pọ̀ tàbí kó dín kù pẹ̀lú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú rẹsísítọ̀ tí a ń wá. Bàbá Pekka ti dá mi lóhùn. Ohun tó fẹ́ kí n lò wà nínú ẹ̀rọ tó ti kú ní gbogbo ibi tí ènìyàn ń gbé.

Dúrọ́ọ̀ rẹ̀ kún fún rìléè tẹlifóònù àtijọ́. A tú mẹ́rin ká tó rí èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tiwa mu. Aino ló jó léèdì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ ju tèmi lọ. Transístọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ fara kan kọ́ìlì náà pẹ́kípẹ́kí kí ooru kan náà lè máa bá wọn, a sì ń wá ohun tí a ó fi dì wọ́n. Màmá Helmi ló ṣílẹ̀kùn wọlé, ó gbé kẹ̀kẹ́ òwú funfun kan sórí tábìlì, ó tún jáde. A kò pè é.

A gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, a ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, a tẹ orin. A dúró títí etí wa fi ń ta wá. Ohùn náà kò kúrò níbi tó wà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ orin mi tán, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ojú gbogbo wọn wà ní pípadé. Mo ronú pé mo ti bà á jẹ́, mo ti ń wá ibi tí màá gbà jáde. Ó tó ìgbà tí ènìyàn lè ka ogún kí àtẹ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀ kò fẹ́ tán. Aino sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àpọ́nlé ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ọkùnrin kan bi mí níbi tí mo ti rí rẹsísítọ̀ tó ń mọ ooru, ó ní òun ti wá a títí, òun kò rí i. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi, mo ti rò pé kò sí ohun tí wọn kì í rí rà níbẹ̀. Mo fi kọ́ìlì hàn án. Ó bi mí ẹni tó kọ́ mi. Màmá Helmi jókòó sí ìlà kejì, Aino tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo nawọ́ sí àwọn méjèèjì, mo ní, "Ilé wọn ni mo ti kọ́ ọ."

Lábẹ́ igi páìnì

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, Màmá Helmi gbé ẹ̀wù òtútù fún mi, ó fi ọwọ́ pè mí. Èmi àti òun nìkan la rìn dé itẹ́ òkú tó wà lábẹ́ àwọn igi páìnì gíga. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ dà bí ti inú Igbó Ọ̀ṣun láàárọ̀ kùtùkùtù, àfi pé ìtànná kan kò sí, yìnyín nìkan ló bo gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá yìnyín kúrò lára òkúta ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó sì sọ Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó já gaara. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo ti gbà pé kò gbọ́ ọ.

Ó ní ọkọ òun máa ń ka lẹ́tà mi sókè nígbà tí àwọn bá ń jẹun, ibẹ̀ ni òun ti há orúkọ àwọn ọmọ mi sórí. Ó pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní nígbà tí ọkọ òun kú, Aino kò jẹun, kò sọ̀rọ̀, kò lọ síbi iṣẹ́, ó kàn ń wo ògiri. Ìgbà náà ni ìbéèrè mi wọlé.

"Èmi ni mo ṣí kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún un. Èmi ni mo gbé ìwé bàbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó jókòó sídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní ebi ń pa òun."

Ó tún ẹ̀wù mi so lọ́rùn bí ẹni ń múra fún ọmọ.

Ó ní, "Kò mọ̀ pé mo mọ̀. Má sọ fún un. Ṣáà máa béèrè."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un gbọọrọ nínú yìnyín yẹn, aṣọ mi rin gbindin. Kò dá mi dúró.

Ní ìsinsìnyí, ọmọ ní kí n má sọ fún ìyá, ìyá ní kí n má sọ fún ọmọ. Mo ti pa orúkọ wọn dà níbí, Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, nítorí pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tó gbọ́ ọ, ó sì wúwo jù fún èmi nìkan láti gbé. Ìyá mi ní Iléṣà ni mo kọ́kọ́ rò ó fún. Ó gbọ́ ọ dópin, kò bínú sí ẹnikẹ́ni, kò bi mí léèrè ẹ̀rọ rárá. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé ọmọ náà ti ń jẹun dáadáa báyìí?

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àwo ọbẹ̀ ẹja méjì ló jẹ lójú mi.